Ẹrù Ẹ̀yìn Gbádégẹṣin

Ìwọ̀n tí mo fi ń wọn aláìsàn ní ilé ìwòsàn mi kì í parọ́. Èmi Nọ́ọ̀sì Rosaline ló sọ bẹ́ẹ̀, gbogbo Festac ló sì mọ̀ pé mi ò fi iṣẹ́ mi ṣeré. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan lọ́dún 1978, ọkùnrin kan tó gbẹ bí igi ìgbálẹ̀ gun orí rẹ̀, ọwọ́ ìwọ̀n náà sì sáré kọjá ọgọ́fà kílò.

Mo ní kó sọ̀ kalẹ̀. Mo gùn ún fúnra mi, ó pé. Mo ní kó tún gùn ún: ọgọ́fà ó lé. Kò sí nǹkan kan lápò rẹ̀. Òórùn ilẹ̀ tútù, bíi ti inú igbó, ń jáde lẹ́yìn ọrùn rẹ̀.

"Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, Nọ́ọ̀sì," ó rọra sọ. "Àwa méjì ni."

Mo yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò; kò sí ẹnì kankan níbẹ̀.

Gbádégẹṣin lorúkọ rẹ̀, ṣọ́jà àná, awakọ̀ òní. Orúnkún rẹ̀ tó wú ló gbé wá. Bí kò bá san, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ó ní lójú ogun, ìbọn ba ọ̀rẹ́ òun, Fáṣínà. Òun pọ̀n ọ́n rìn fún ọjọ́ méjì, òun sì búra pé òun ò ní sọ̀ ọ́ àfi nílé. Ó kú sí òun lẹ́yìn. Wọ́n gba òkú, wọ́n sin ín, ṣùgbọ́n ẹrù náà kò kúrò.

"Ọdún mẹ́wàá rèé. Ó ṣì ń mí sí mi lọ́rùn."

"Ilé rẹ̀ ńkọ́, Bọ̀dá?"

"Abúlé Adó. Ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mò ń wakọ̀ kọjá. Kí ni mo fẹ́ wí fún wọn?"

Àánú rẹ̀ ṣe mí, inú sì bí mi. Ta ló ń dá ẹrù wúwo sọ̀? Mo bọ́ fìlà nọ́ọ̀sì mi, mo tẹ̀lé e lọ lọ́sàn-án gangan.

Ìyá Fáṣínà ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà. Èjìká Gbádégẹṣin ni wọ́n ń wò, wọn ò wo ojú rẹ̀. Wọ́n dìde.

"Ìwọ lo gbé e látọjọ́ yìí?"

"Èmi ni, Ìyá. Ẹ má bínú pé mo pẹ́."

"O káre, akọni. Gbé e fún mi."

Wọ́n bọ́ sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni ń gba ọmọ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Gbádégẹṣin bú sẹ́kún, ẹ̀yìn rẹ̀ nà gbọọrọ. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n gbé e pọ̀n, wọ́n so ìró mọ́ àyà. Yanrìn gbé ẹsẹ̀ wọn mì dé ọrùn ẹsẹ̀, síbẹ̀ wọ́n gbé orí sókè, wọ́n ń ké sí àwọn aládùúgbò pé, "Ẹ wá wo ọmọ mi, ó ti ogun dé!"

Lọ́jọ́ kejì, kílò mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Gbádégẹṣin wọ̀n.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Ìyá wọlé tọ̀ mí wá tìyangàn-tìyangàn, ọwọ́ wọn méjèèjì lẹ́yìn. Wọ́n dúró níwájú ìwọ̀n mi, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ wọ̀n wá."

Mo wo ìwọ̀n mi tí kì í parọ́. Mi ò fẹ́ kó fi iye lé ẹrù ọmọ wọn, mo bá parọ́ pé ó ti bàjẹ́.