Gbogbo Ojú Ajah

Nígbà tí obìnrin náà ń bọ́ sílẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ó kọ́kọ́ na ẹsẹ̀ kan jáde, ó na èkejì, ó wá ń ga, ó ń ga, títí orí rẹ̀ fi kọjá òrùlé kẹ̀kẹ́ tó gbé e wá. Ọkùnrin tó ń ta káàdì fóònù gbàgbé ṣéńjì oníbàárà sọ́wọ́. Obìnrin kan tó ń fọ ẹja pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ọlọ́run mà ń ṣiṣẹ́ àrà o!" Obìnrin gíga náà dúdú bí kóró iṣin, dúdú tó ń dán, ọrùn rẹ̀ gùn, irun orí rẹ̀ kò sì ju ti ọmọ ọwọ́ lọ.

Adut ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Díńkà láti Gúúsù Sudan ni, ṣùgbọ́n Nàìróbì ló dàgbà sí, ibẹ̀ náà ló ti ń ṣiṣẹ́ olùkọ́. Oyinkọ́lá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ka ìwé níbẹ̀, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní VGC, ọgbà ilé onígéètì kan nítòsí Ajah ní Èkó, tó ní kó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ òun. Adut ti rin ìrìn àjò púpọ̀, ó sì mọ bí wíwò àwọn onílùú ṣe máa ń rí lára àjèjì. Ṣùgbọ́n ojú Ajah yàtọ̀. Ojú Ajah ní ẹnu.

"Àǹtí gígùn! Báwo ni afẹ́fẹ́ ṣe rí lókè yẹn?"

"Mọ́dẹ́ẹ̀lì ni. Mo ti rí i lórí tẹlifíṣàn."

"Mọ́dẹ́ẹ̀lì wo? Àgùnfọn ni!"

Yorùbá ni wọ́n ń bá a sọ, nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ kò pe ara rẹ̀ ní àlejò. Nígbà tí kò dáhùn, wọ́n ní ó ń gbéraga. Ẹnì kan gbé fóònù sókè, ó ń ká a sí fídíò láìtọrọ àyè. Ọwọ́ kan tí kò mọ ẹni tó ni ín kan apá rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń yẹ aṣọ wò lórí àtẹ. Adut ṣe ohun tó ti ń ṣe láti kékeré: ó ká èjìká kò, ó sún ọrùn wálẹ̀, ó ń wá ibi tí yóò sá wọ̀. Ṣọ́ọ̀bù télọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí ló rí.

Ọkùnrin kan jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ níbẹ̀. Ó gbójú sókè, ojú rẹ̀ ń gun òkè lọ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bá ti Adut pàdé. Ó dúró síbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì ké háà.

"Ẹ rọra o," ó ní, "igi ẹnu ọ̀nà mi kì í mọ àlejò."

Kí ó tó rí i pé kò gbọ́ Yorùbá, kó sì tún un sọ ní Gẹ̀ẹ́sì, gbòà, iwájú orí Adut ti lu igi náà. Ọkùnrin náà fò dìde, ó na píọ́ wọ́tà tútù kan sí i pé kó fi tẹ ojú ibẹ̀.

"Ẹ má bínú. Mo máa bá igi náà wí," ó fi Gẹ̀ẹ́sì sọ.

Láti ìgbà tí Adut ti dé Èkó, ìgbà yẹn ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín níta.

Yísà ni wọ́n ń pe télọ̀ náà. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Fàúsátù, ni wọ́n jọ ni ṣọ́ọ̀bù. Yísà ló ń gé aṣọ, Fàúsátù ló máa ń wọn àwọn obìnrin, nítorí pé Yísà kì í fọwọ́ kan obìnrin tí kì í ṣe tirẹ̀.

"Mo fẹ́ aṣọ tó máa bá mi dé ọrùn ẹsẹ̀," ni Adut wí. "Láyé mi, kò tíì sí èyí tó débẹ̀."

Fàúsátù gun orí àpótí kó tó lè wọn èjìká rẹ̀. "Kí lorúkọ yín, Àǹtí?"

"Adut."

"Àdìtú?"

"Adut."

"Àdìtú náà ni. Ẹni tó bá ti rí yín á mọ̀."

Yísà fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún un pé àdìtú ni ohun tí èèyàn kò lè tú. Lẹ́yìn náà ó ní kí Fàúsátù dá téèpù dúró ná, ó sọ fún Adut pé, "Ẹ dákun, ẹ nàró."

"Mo nàró."

"Ẹ ń tẹ̀. Tí mo bá gé aṣọ fún ẹni tó tẹ̀, lọ́jọ́ tí inú yín bá dùn tí ẹ nàró, aṣọ náà á kúrú."

Adut wò ó títí. Lẹ́yìn náà ló wá na ọrùn, ó na ẹ̀yìn, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan fáànù. Yísà ní, "Ẹ ṣeun," ó sì yíjú sí aṣọ tó ń rán kíákíá, ṣùgbọ́n Fàúsátù rí i pé ẹ̀gbẹ́ ìlà ni abẹ́rẹ́ rẹ̀ ń gbà.

Báyìí ni aṣọ ẹyọ kan ṣe di ìrìn àìmọye. Lónìí Adut á ní ọrùn ẹ̀wù fún jù, lọ́la á ní ó dẹ̀ jù. Nígbà tó yá, kò wá àwáwí mọ́, ó kàn ń wá jókòó ni. Fàúsátù ń kọ́ ọ ní Yorùbá. Ní ọjọ́ kan ó rí Fàúsátù tó ń gé àlùbọ́sà, ó ní bàsálà ni àwọn ń pè é ní Júbà, ìlú ìyá rẹ̀ ní Gúúsù Sudan, nítorí Lárúbáwá àdúgbò ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Yísà tó lọ ilé kéwú rántí pé bàsálù ni wọ́n kọ́ òun. Ni wọ́n bá ń fi ọ̀rọ̀ wé ọ̀rọ̀ bí ọmọdé tó ń fi òkúta ṣeré, títí Yísà fi sọ pé, "Àdìtú mi, o ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ará ilé."

Yísà fúnra rẹ̀ gbọ́ "mi" tó bọ́ lẹ́nu òun. Fàúsátù rántí pé òun ní ohun tí òun fẹ́ rà níta.

Tí Adut bá padà sí VGC, níbi tí géètì ti pa ariwo mọ́ta, ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ni yóò máa ró létí rẹ̀. Gbogbo ojú Ajah ló ti wò ó, ó ti sú u. Ojú kan ṣoṣo ló wá ń wù ú pé kó tún wo òun.

Ní Sátidé kan, òun àti Yísà lọ ra bọ́tìnnì ní ọjà Ṣàngótẹ̀dó. Èjìká Adut ni orí Yísà mọ, wọn kò sì tíì dé àárín ọjà tí ìpè àwọn ọlọ́jà fi bẹ̀rẹ̀.

"Ọ̀gá, tí ẹ bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀, ṣé àkàbà lẹ máa ń gùn ni, àbí ẹ máa ń pè é lórí fóònù?"

Gbogbo ìlà náà bú sẹ́rìn-ín. Fóònù méjì, mẹ́ta dìde sókè. Lójijì ni Ìdírísù, tí òun àti Yísà jọ ń kírun ní mọ́ṣáláṣí kan náà, yọ láàárín àwọn tó ń ta aṣọ, ó ní, "Yísà! Ìyàwó nìyẹn?"

"Ìyàwó kẹ̀?" ni Yísà wí, òógùn bò ó. "Rárá o. Kọ́sítọ́mà ni."

Ó sì yára ẹsẹ̀, ó fi Adut sílẹ̀ sẹ́yìn bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Yorùbá tí Fàúsátù kọ́ Adut ti tó láti gbọ́ ìyẹn. Ó dúró gbagidi láàárín ọjà, ẹ̀rín ń lọ lọ́tùn-ún lósì. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó wọ kẹ̀kẹ́, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò yọjú sí Ajah. Fàúsátù ló gbé aṣọ náà wá sílé Oyinkọ́lá. Aṣọ náà dé ọrùn ẹsẹ̀ Adut lóòótọ́. Adut wọ̀ ọ́ níwájú dígí, ó bọ́ ọ, ó sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú rẹ̀ lórí itan.

"Kò rí oúnjẹ jẹ," Fàúsátù wí.

"Ta ni?"

"O mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun alásárì, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì pè pé télọ̀ kan ń bèèrè rẹ̀. Adut jáde lọ bá a lábẹ́ igi fúrúǹtù.

"Mo sẹ́ ọ," ni Yísà wí.

"Mo gbọ́."

"Kì í ṣe ìwọ ló tì mí lójú. Ẹnu wọn ni."

"Yísà, láti kékeré ni mo ti ń ru ojú ayé kiri. Ìwọ bá mi rù ú fún ìrìn ọjà kan péré, o sì sọ ẹrù náà lù mí."

Yísà ní, "Kí ni kí n ṣe?"

"Kì í ṣe èmi ló yẹ kó kọ́ ẹ." Ó wọlé, ó gbé orí lé èjìká Oyinkọ́lá, ó sunkún bí ọmọ tí wọ́n gba ọmú lẹ́nu rẹ̀.

Nílé Yísà náà, ọ̀rọ̀ kò dẹ̀. Ràhímátù, ìyá rẹ̀, tó ń ta ẹja gbígbẹ létí ọ̀sà, ti gbọ́ nípa Adut. "Ìlú tí mi ò mọ ọ̀nà ibẹ̀! Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tí mo bí! Onígbàgbọ́ sì ni."

"Ìyá," ni Fàúsátù wí, "ṣé kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá wa ti wá fẹ́ ẹ̀yin náà?"

"Bàbá yín kò gbé mi kọjá Ẹ̀pẹ́!"

Ìsinmi Adut parí. Ní ọ̀sán tó ṣáájú ọjọ́ tí yóò lọ, ó gba Ajah kọjá láti dágbére fún Fàúsátù nìkan. Ó bá àkókò tí wọ́n ń jáde nírun. Àwọn ọkùnrin kún ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, Yísà wà láàárín wọn. "Àǹtí gígùn ti dé o," ẹnì kan wí, ẹ̀rín sì bẹ̀rẹ̀.

Yísà kó bàtà rẹ̀ dání, kò tilẹ̀ dúró wọ̀ ọ́. Ó rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ Adut, ó dúró tì í.

"Ìdírísù," ó ní, ó rọra ń fa ọ̀rọ̀ náà kí Adut lè gbọ́ gbogbo rẹ̀. "O bi mí ní ìbéèrè ní Ṣàngótẹ̀dó, mo sì purọ́ fún ẹ. Kì í ṣe kọ́sítọ́mà mi. Obìnrin tí mo fẹ́ràn ni. Èmi ni mi ò tíì bi í bóyá ó fẹ́ mi." Ó gbójú sókè. "Adut, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Obìnrin tó ń fọ ẹja lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pàápàá gbé ọwọ́ sẹ́nu.

"Ọ̀la ni mò ń lọ," Adut wí.

"Mo mọ̀."

"Ìyá rẹ kò fẹ́ mi."

"Mo mọ̀."

"Kí lo wá ní lọ́wọ́?"

"Mo máa wá bá ẹ níbẹ̀."

Ọkàn rẹ̀ fẹ́ fò dì mọ́ ọn, ṣùgbọ́n iwájú mọ́ṣáláṣí ni wọ́n wà. Ó kàn ní, "Má pẹ́."

Ó pẹ́. Òjò wá, òjò lọ. Orí fóònù ni wọ́n ti ń fẹ́ra, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já wọn gbà bí ọmọ tó ń bínú. Adut á máa kọ́ ọmọ ilé ìwé ní Nàìróbì, á sì rí i pé òun ti dákẹ́ láàárín gbólóhùn. Ní Ajah, Ràhímátù á gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín nínú yàrá; lẹ́yìn náà, ilé á dákẹ́ bí ilé tí wọ́n ti kó kúrò. Ó fara da ìdákẹ́jẹ́ yẹn títí, kò lè fara dà á mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbé ẹ̀kọ síwájú Yísà. "Ta ló máa bá ẹ lọ tọrọ rẹ̀?"

"Èmi nìkan ni, Ìyá."

"Ṣé o kò lẹ́nìkan ni? Ta ní ń dá tọrọ ìyàwó?"

Yísà gbé ojú sókè, ó sún ẹ̀kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

Bí wọ́n ṣe rí owó ọkọ̀ òfuurufú náà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni. Ràhímátù tí kò wọ bàálù rí di ìbòrí rẹ̀ mú gírígírí láti Èkó dé Júbà, ó ń ké sí Ọlọ́run ní gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ náà bá mì. Adut ti wá ṣáájú láti Nàìróbì. Inú ọgbà ìyá rẹ̀ ni wọ́n gbà wọ́n sí, lábẹ́ igi, àwọn arákùnrin ìyá rẹ̀ jókòó yíká, gbogbo wọn ga.

Èyí tó dàgbà jù bèèrè iye màlúù tí wọ́n kó wá fún ìdána.

"Nínú bàálù kẹ̀?" ni Yísà wí. Nígbà tí Adut túmọ̀ rẹ̀, àwọn àgbà náà rẹ́rìn-ín títí, wọ́n ní ọ̀rọ̀ màlúù náà, àwọn á ṣì jọ sọ ọ́.

Nígbà náà ni Ràhímátù dìde. Kò dúró de ẹnikẹ́ni. Ó kúnlẹ̀ sórí iyẹ̀pẹ̀ níwájú ìyá Adut, Yísà sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyá ọmọ," Ràhímátù wí, "ọmọ yín ni mo wá tọrọ. Mo ti kọ̀ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìlú yín jìnnà, ẹ̀rù bà mí, mo sì kọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi rán ẹnikẹ́ni, tí mo fi gbé ẹsẹ̀ mi wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi."

Adut ló yẹ kó túmọ̀. Ó la ẹnu, ẹkún dí i. Ó tún la ẹnu.

Ìyá rẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan ní èdè Díńkà, ó bẹ̀rẹ̀, ó di Ràhímátù mú lápá méjèèjì, ó fà á dìde, ó sì mú un jókòó sórí ẹní tirẹ̀.

"Kí ni wọ́n sọ?" ni Yísà béèrè lórí ìdọ̀bálẹ̀.

Adut nu ojú. "Wọ́n ní kí n má túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìyá rẹ. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́."