Ẹ̀rọ Tó Ń Jẹ Àpọ̀jẹ

Ojú lè tan ènìyàn. Etí náà lè tan ènìyàn. Mi ò tíì rí ẹni tí imú rẹ̀ tàn jẹ. Imú mi ni mo fi ń jẹ́rìí ohun tí mo fẹ́ kọ yìí. Ó ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó wá gbóòórùn ọwọ́ mi. Ọṣẹ mẹ́rin ló ti tán lórí ẹ̀.

Ogójì ọdún ni mo fi gé koríko ní iléèwé kan. Nígbà tí wọ́n ní kí n lọ sinmi, ara mi kọ̀ ọ́. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ẹ̀rọ ọgbà àtijọ́ jọ: èyí tí wọ́n fi ń gé koríko, èyí tí wọ́n fi ń fín oògùn sí òdòdó, èyí tí wọ́n fi ń tú ilẹ̀. Tí ẹlòmíràn bá jù ú nù, èmi á gbé e wálé. Màá tú u palẹ̀, màá fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, màá bó ọ̀dà àtijọ́ kúrò lára ẹ̀, màá kùn ún ní tuntun. Tó bá dún, inú mi á dùn fún odindi oṣù kan. Mi ò tà wọ́n. Mi ò sì ní koríko tí wọ́n máa gé, torí sìmẹ́ńtì ni gbogbo àgbàlá wa. Ìyàwó mi máa ń sọ pé irin lorogún òun, àti pé ó sàn, torí irin kì í sọ̀rọ̀ padà.

Ọdún tí mò ń sọ yìí kò ṣe wá dáadáa. Orókùn mi ọ̀tún kọṣẹ́. Òrùlé ń jò, ibi tí a ń sùn sí gan-an ló sì yàn láti máa jò sí. Awò ojú mi fọ́ lápá kan, ojú kan ni mo fi ń wo ayé. Gbogbo ìyẹn ò tó nǹkan. Ìyàwó mi ò jẹun mọ́.

Alásè ni. Ọgbọ̀n ọdún ló fi se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé tí mò ń gé koríko ẹ̀. Ibẹ̀ la ti mọra. Ibà kan ló ṣe é. Ibà náà lọ, kò sì dá nìkan lọ, ó mú oúnjẹ lọ. Ṣíbí mẹ́ta, á ní ó tó. Tí mo bá fi ìkẹrin rọ̀ ọ́, á bì í. Ọrùn rẹ̀ wá tínrín bí ti òròmọdìyẹ.

Ọmọ wa obìnrin, nọ́ọ̀sì ni, ìlú mìíràn ló ń gbé. Ó wá lọ́jọ́ Àìkú, ó gbé ìyá rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n. Ó wo òṣùwọ̀n, ó wo èmi.

"Bàámi, tó bá di Sátidé tí wọn ò tíì máa jẹun, mo máa gbé wọn lọ sọ́dọ̀ mi."

"Títí dìgbà wo?"

Ó tẹ̀, ó gbé òṣùwọ̀n náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Arúgbó tí wọ́n bá gbé kúrò nílé rẹ̀ nírú ipò yẹn, aṣọ rẹ̀ nìkan ló sábà máa ń padà wá.

Lọ́jọ́ kejì, Ọjọ́ Ajé, ni mo gbé ẹ̀rọ náà wálé. Mo mọ̀ pé kò yẹ. Ṣebí ó yẹ kí n jókòó ti ìyàwó mi. Ṣùgbọ́n tí mo bá jókòó tì í, ọrùn yẹn ni mò ń wò. Mo bá gba ọ̀dọ̀ onírin àlòkù lọ. Ó fi ẹ̀rọ ìgékoríko kan hàn mí, irin wúwo, ọ̀dà aláwọ̀ ewé, irú èyí tí wọn ò ṣe mọ́. Ó ní ó ti lé ní ogún ọdún tó ti wà nínú yàrá gbígbẹ, tí ewé kankan ò kàn án.

"Ẹ gbé e lọ, Baba," ló wí. "Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́."

Nínú ilé páànù tó wà lẹ́yìn ilé, mo yí ẹ̀rọ náà, mo da inú rẹ̀ sókè. Koríko ló kún abẹ́ ìdérí rẹ̀, ó dì gbagidi. Ìyẹn kì í ṣe nǹkan tuntun. Koríko ogún ọdún á gbẹ, á máa bù bí yẹ̀pẹ̀. Èyí rin. Ó sì lọ́wọ́ọ́wọ́.

Mo ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Kì í ṣe gígé ni wọ́n gé e. Koríko tí abẹ bá gé máa ń ní etí. Èyí ti rún. Wọ́n jẹ ẹ́ ni. Ó dà bí àpọ̀jẹ, ìyẹn èyí tí ewúrẹ́ máa ń pọ̀ jáde látinú ikùn tó tún máa ń jẹ. Nígbà tí mo fa ọwọ́ mi yọ, itọ́ tẹ̀ lé e, ó fà gbọ̀ọ̀rọ̀, kò já. Òórùn rẹ̀ ti wọ ọ̀fun mi kó tó wọ imú mi. Mo bì sẹ́nu ọ̀nà.

Olórí kunkun ni mí. Ọkùnrin tó pé ọgọ́ta ọdún kó tó kọ́ ìwé kíkà fúnra rẹ̀, lójú pátákó títì àti lára ẹ̀rọ, kò lè jẹ́ kí ẹ̀gbin lé òun jáde nínú ilé páànù òun. Mo so aṣọ mọ́ imú. Mo kó o dànù, garawa méjì. Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bó ọ̀dà tó wà nínú ìdérí. Ọ̀dà náà ò bó bí ọ̀dà. Ó ń ká kúrò ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ, ó rọ̀, bí awọ ara tí iná jó. Abẹ́ ẹ̀ ni mo ti rí lẹ́tà. Wọ́n fi nǹkan ṣóńṣó họ ọ́ sínú irin:

MA BO MI

Nígbà náà, lẹ́tà nìkan ni mo mọ̀. Àwọn àmì tí wọ́n ń fi sórí ẹ̀ àti sábẹ́ ẹ̀ nínú ìwé, mo rò pé eṣinṣin ló ṣu síbẹ̀. Mo fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà. Má bó mi. Mo rẹ́rìn-ín. Aláwàdà kan ló kọ ọ́ sílẹ̀ de ẹni tó bá fẹ́ bó ọ̀dà ẹ̀.

"Èmi ni irin á máa pàṣẹ fún?" ni mo wí. Mo bó gbogbo ẹ̀.

Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, abẹ́ ẹ̀ ti kún padà. Koríko tuntun, rírún. Ooru ń jáde lára ẹ̀ bí ẹnu ẹni tó ń sùn. Èmi ni mo ti ilẹ̀kùn yẹn. Èmi ni kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mo kó o dànù lẹ́ẹ̀kejì, mo fi tapólì bo ẹ̀rọ náà, mo dì í.

Aránṣọ tí ògiri rẹ̀ kan tiwa yọjú. Ó kàwé dé ibì kan, kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn gbàgbé.

"Baba Onírin, kí lẹ pa síbí?"

"Koríko ni."

"Koríko wo ló ń rùn bí ẹnu ajá báyìí?"

Mo ká tapólì, mo fi ohun tí wọ́n họ hàn án. Ó fi ìka méjì dí imú, ó tẹ̀ wò ó.

"Ẹ ṣì í kà ni. Má bò mí ló wà níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ló ń fẹ́. Ẹ̀yin wá dì í bí òkú."

"Má bó mi ni."

"Baba, ìwé tẹ́ ẹ kọ́ lánàá..."

"Ìwọ tó kọ́ ọ níjẹta, ṣòkòtò tó o rán fún mi, ẹsẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ."

"Ẹsẹ̀ yín ni ò dọ́gba, Baba. Ṣòkòtò mi pé."

Ó lọ, ó ń tutọ́ títí ó fi dé ilé rẹ̀. Mi ò gbà fún un. Ṣùgbọ́n mi ò fi tapólì náà bò ó mọ́.

Ọ̀sán pọ́n. Àdúgbò pa lọ́lọ́. Aránṣọ náà ti dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró. Mo ń wá sípánà nílẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ọ.

Wàsà. Wàsà.

Bí ẹni tí kò léyín tó ń jẹun. Ó dákẹ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀. Kò sí epo nínú ẹ̀rọ yẹn. Púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wà nínú àpò mi. Mo tẹ̀ wò ó. Abẹ rẹ̀ ò mira. Koríko ti tún kún àárín rẹ̀, òun ló ń rìn, díẹ̀díẹ̀, láti òsì lọ sí ọ̀tún.

Òórùn náà bá mi wọlé. Lọ́jọ́rú, ṣíbí kan péré ni ìyàwó mi gbà. Kó lè gbàgbé oúnjẹ tó wà níwájú ẹ̀, mo sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà fún un. Mi ò sọ ti koríko. Ti ìwé nìkan ni mo sọ.

"Báwo ni wọ́n ṣe kọ ọ́?"

Mo pè é fún un ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ó pajú dé.

"Máa bọ́ mi."

"Rárá. Máa ní a méjì. Mo kọ́ ọ."

"Ẹ̀yin náà! Ta ló ń ka a méjì nígbà tí ebi bá ń pa á?"

"Ebi ń pa ta ni?"

Ó yíjú sí ògiri. "Bàbá, ẹ gbé àwo yìí kúrò. Ó ń rùn."

Àwo náà ò rùn. Ìrẹsì funfun ni. Èmi ni mò ń rùn.

Lọ́jọ́bọ̀, mo gbé ẹ̀rọ náà sínú bárò, mo tì í padà lọ sọ́dọ̀ onírin àlòkù, orókùn mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́. Àwọn ènìyàn ń yà fún mi, wọ́n ń fi aṣọ bomú. Onírin náà ti rí mi lókèèrè.

"Baba, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má gbé e wọlé."

"Kí ló ń ṣe é?"

"Ṣé ó ti ń jẹun?"

"Jẹ kí ni?"

Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń fa nǹkan wúwo dí i láti inú. Mo pè é títí. Mo tì í padà wálé.

Òjò rọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Òrùlé ń jò sínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wa, tó, tó, tó. Ìyàwó mi ò gba omi pàápàá.

"Ẹ bá mi di ẹrù mi," ló wí. "Kí ọmọ yẹn má bàa máa kánjú lọ́la."

Mo ká ìró rẹ̀ mẹ́ta. Mo tú wọn. Mo tún wọn ká. Mo gbé ìrẹsì tí kò fọwọ́ kàn, mo jáde kí n lọ dà á nù. Ẹsẹ̀ mi gbé mi dé ilé páànù. Inú ń bí mi. Sí ta ni, mi ò mọ̀. Mo dúró lórí ẹ̀rọ náà, mo da gbogbo ẹ̀ sí i.

"Gbà! Jẹ ẹ́! Kó fún ọ lọ́rùn!"

Àwo bọ́ lọ́wọ́ mi.

Mi ò ní kọ gbogbo ohun tí mo rí. Mo ti gbìyànjú ẹ̀, mo ya ìwé náà. Ìwọ̀nba tí mo lè kọ nìyí: nígbà tí mo yọ àwo náà jáde, ó mọ́ tónítóní. Itọ́ wà lára ẹ̀. Ó ti lá a.

Òórùn náà sì lọ. Bí ìgbà tí wọ́n pa fìtílà. Òjò nìkan ni mò ń gbóòórùn. Láti inú ilé, mo gbọ́ ohùn tí mi ò gbọ́ láti oṣù kan:

"Bàbá! Ṣé oúnjẹ kù?"

Ó jẹ èyí tó kù nínú ìkòkò. Ó ní kí n se òmíràn. Ó jẹ ẹ́ tán. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, omi ń bọ́ lójú mi, mò ń dúpẹ́. Ìgbà tó yá ni mo wo àgbọ̀n rẹ̀. Kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló ń lọ.

Ọmọ wa dé ní Sátidé. Ó gbé ìyá rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, ó pariwo, ó dì mọ́ mi.

"Bàámi! Kí lẹ ṣe?"

"Mo bọ́ ọ ni."

"Ẹ má dáwọ́ dúró o. Bẹ́ ẹ ṣe ń ṣe é yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ máa ṣe é."

Ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé. Lójoojúmọ́, bí ọ̀sán bá ti pọ́n, àwo àkọ́kọ́ á lọ sí ilé páànù. Lẹ́yìn náà ni ìyàwó mi á tó jẹun. Ọjọ́ kan tí mo pẹ́, ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọrùn rẹ̀ sì tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mi ò pẹ́ mọ́. Mo ti ra ìwé, mo ti kọ́ àwọn àmì náà, mo ń fi wọ́n sórí gbogbo ohun tí mo bá kọ. Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi.

Èmi ni mò ń da pọ́ọ̀ tí ìyàwó mi ń yàgbẹ́ sí nù. Lọ́jọ́ kẹta mo ṣèèṣì wo inú ẹ̀. Koríko ni. Tútù, rírún. Mo bì sára ògiri, mo fọ ògiri, mo gbẹ́ ihò lẹ́yìn ògiri aránṣọ, mo bò ó mọ́lẹ̀. Ojoojúmọ́ ni mo ń gbẹ́ ẹ. Ọmọ wa máa ń pè, á bi mí bóyá ohun gbogbo ń lọ dáadáa. Mo máa ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni kí n sọ? Pé kó wá gbé e lọ?

Lánàá, a jọ jókòó. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti kún. Ara rẹ̀ ń dán. Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ṣòkòtò mi, ó rẹ́rìn-ín bí ìgbà tó wà nídìí ìkòkò iléèwé, tí mò ń fi koríko ṣe àwáwí kí n lè gba ibẹ̀ kọjá. Ó wá wò mí.

"Bàbá, ẹ ti rù. Ẹ̀yin kì í jẹun ni?"

"Ebi ò pa mí."

"Eyín yín ni ò dáa mọ́."

Ó bu ìrẹsì sẹ́nu ara rẹ̀. Ó rún un, ó pẹ́ lórí ẹ̀, bí ìyá ṣe máa ń rún un fún ọmọ tí kò tíì hu eyín. Ó tu ú sórí ṣíbí. Ó gbé e wá sí mi lẹ́nu. Ó ń rùn. Ọwọ́ rẹ̀ ò gbọ̀n rárá, ọwọ́ tó ti tó ọdún méjìdínláàádọ́ta tó ti ń gbé oúnjẹ fún mi, tí mi ò sì kọ oúnjẹ rẹ̀ rí.

"Ẹ yanu," ló wí.

Mo yanu.