Ẹni Tó Dá Ẹja Padà Sómi

"Fara balẹ̀, olólùfẹ́ mi, mi ò ní ṣe ọ́ ní nǹkan kan."

Ẹja ni Kàmíìlù ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún o. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ létí odò tóóró kan lẹ́yìn ìlú Abano nílẹ̀ òyìnbó, ó gbé ẹja náà lọ́wọ́ bí ọmọ tuntun, ẹja ràbàtà aláwọ̀ ewé, tí àmì róbótó kan wà nídìí ìrù rẹ̀ bí ojú ìyẹ́ ọ̀kín. Ó ṣu ẹnu jọ, ó fi kò ó lórí, ó sì rọra tú u sílẹ̀. Ẹja na ìrù, ó di àwátì.

"Ìyàwó yín nìyẹn ni?" Ohùn obìnrin ló bi í bẹ́ẹ̀ látẹ̀yìn, Yorùbá pọ́ńbélé.

Díẹ̀ ló kù kí Kàmíìlù tẹ̀lé ẹja wọ odò. Kò gbọ́ Yorùbá létí odò yẹn rí. Ìdí nìyẹn tó fi ń sọ fún ẹja ohun tí ìtìjú ò ní jẹ́ kó sọ fún èèyàn.

Mùyìbátù lorúkọ ọmọbìnrin náà. Aṣọ ibùsùn ló ń fọ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn òtẹ́ẹ̀lì tí àwọn aláìsàn ti ń lọ jókòó sínú omi gbígbóná tó ń sun láti inú ilẹ̀. Ibi iṣẹ́ ló ti ń bọ̀, ó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ, ẹnu rẹ̀ sì mú bí abẹ. Ó ní ẹja tó tó odidi ilé kan jẹ, ọkùnrin lajú sílẹ̀, ó sọ ọ́ nù. Ó béèrè bóyá ara rẹ̀ yá.

Kàmíìlù ṣàlàyé. Ó ní ilé iṣẹ́ bàtà lòun wà nítòsí Padova, àwọn tí àwọn jọ ń ṣiṣẹ́ ló mú òun wọ ẹgbẹ́ apẹja wọn. Omi gbígbóná òtẹ́ẹ̀lì ló ń ṣàn wọ odò náà, òtútù kì í mú un. Ẹnì kan tí ẹja tó ń sìn nínú dígí nílé ti sú ló lọ da ẹja olójú-ọ̀kín síbẹ̀, ni wọ́n bá ń tóbi. Òfin ẹgbẹ́ sì ni pé ẹni tó bá mú un gbọ́dọ̀ dá a padà.

"Ìfẹnukonu ńkọ́?"

Kàmíìlù fọwọ́ ra orí. Ó ní òun rí i pé gbogbo wọn ń ṣe é, òun rò pé ó wà nínú òfin ni.

Mùyìbátù rẹ́rìn-ín títí kẹ̀kẹ́ fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá Kàmíìlù.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sọ́ńdè tí kò bá sí níbi iṣẹ́, ẹ ó bá Mùyìbátù létí odò. Ó ní òun wá ṣọ́ orogún òun ni. Kàmíìlù á ní ẹja sàn jù, ẹja kì í fèsì. Bí wọ́n ṣe ń yẹ̀yẹ́ ara wọn nìyẹn, títí ọjọ́ tí Mùyìbátù bi í pé bó bá jẹ́ òun ni ìwọ̀ gbé ńkọ́.

"Ìwọ ni mi ò ní tú sílẹ̀," ni Kàmíìlù wí.

Ọmọbìnrin elẹ́nu abẹ fẹ́ràn ọkùnrin yìí débi pé ó ń bà á lẹ́rù.

Ọ̀rọ̀ wá kan bàbá Mùyìbátù. Bàbá Ìdírísù ń gbé òpópónà Via Anelli ní Padova, ẹrù ló ń rù ní magazzino kan, níbi tí wọ́n ń kó ọjà pamọ́ sí. Yunus, oníṣòwò kan láti Sampierdarena lọ́nà jíjìn, ti ń tọrọ Mùyìbátù, ṣùgbọ́n bàbá ní kó ṣe sùúrù. Nígbà tí Kàmíìlù wá dọ̀bálẹ̀, bàbá gba tiẹ̀: ọmọ Ìwó ni, ó ń kírun, kì í ṣe ọ̀lẹ. Bàbá bi í pé kí ló máa ń ṣe lọ́jọ́ ìsinmi. Orí tó rán an níṣẹ́ ni mi ò mọ̀, ó fa fọ́tò òun àti ẹja yọ. Bàbá pọ́nnu lá, ó ní ṣé wọ́n dín in ni àbí wọ́n yan án.

"A dá a padà sómi ni, bàbá."

Bàbá Ìdírísù dá fọ́tò padà fún un bí ẹni tí iná jó lọ́wọ́. "Ọkùnrin tó mú ẹja tán tó tún dá a padà sómi, bó bá fẹ́ ọmọ mi, ọjọ́ wo ni yóò dá òun náà padà sílé?"

Bàbá ní tí Iléyá bá ti kọjá, kí àwọn ará ilé Yunus máa bọ̀.

Mùyìbátù sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Kàmíìlù ní kí òun kúkú ra ẹja lọ́jà, kí òun gbé e wá pé òun ló pa á. Mùyìbátù kọ̀ jálẹ̀. Ó ní bàbá á máa retí òmíràn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òun ò sì lè fi gbogbo ayé òun gbé irọ́ ẹja.

Ìyá rẹ̀, Jàmílátù, ló mọ ọ̀nà gbé e gbà. Orúnkún ń dun ọkọ rẹ̀. Ó ní omi gbígbóná tí àwọn òyìnbó ń sanwó kí wọ́n tó ki ẹsẹ̀ bọ̀, ọ̀fẹ́ ló ń ṣàn létí odò yẹn. Kó lọ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kó sì fojú ara rẹ̀ rí wèrè tí ọmọkùnrin náà ń ṣe. Bàbá gbà. Ó ki ọ̀bẹ àti àpò ọ̀rá sínú kóòtù, ó ní kí ìyàwó lọ ata sílẹ̀.

Nígbà tí òun àti Mùyìbátù bá Kàmíìlù débẹ̀, bàbá ká ṣòkòtò, ó ki ẹsẹ̀ bọ omi, ojú rẹ̀ rọ̀. Ó ní kí Kàmíìlù jẹ́ kí òun kàn fọwọ́ ba ọ̀pá ìwọ̀ yẹn wò. Kò tíì dì í mú dáadáa tí nǹkan fi fà á. Fìlà bàbá bọ́ sódò, kò bojú wò ó. Kàmíìlù di bàbá mú níbàdí, Mùyìbátù di Kàmíìlù mú, wọ́n fa ẹja náà gòkè. Kàmíìlù ò mú irú rẹ̀ rí.

Bàbá yọ ọ̀bẹ. Kàmíìlù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú ẹrẹ̀.

"Bàbá, ẹja yín ni, mi ò tó gbà á lọ́wọ́ yín. Ṣùgbọ́n mo ti ṣèlérí fáwọn ẹgbẹ́ mi. Tí ẹ bá pa á, èmi fúnra mi ni màá lọ sọ fún wọn."

Ẹja ni bàbá ń wò. Ẹja ń mí gúlegúle, bàbá náà ń mí gúlegúle.

"Ó ti rẹ ìwọ náà?" ni bàbá bi ẹja.

Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹja náà, ó wọ inú omi dé orúnkún, ó sì dì í mú jẹ́jẹ́ títí agbára rẹ̀ fi padà wá. "Máa lọ, akọni." Ẹja lọ.

Mùyìbátù fọwọ́ lé ìbàdí. "Bàbá, ṣé kí n sọ fún màmá kí wọ́n máa palẹ̀ ẹrù wọn mọ́ padà sílé bàbá wọn?"

Èjìká bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ló ń rín, àrínbomilójú, títí Kàmíìlù fi dìde lọ dì í mú kó má baà tẹ̀lé fìlà rẹ̀. Ó ní ẹnu ọmọ yìí ni yóò pa òun. Ó ní òun fúnra òun ni yóò bẹ Yunus, kí Kàmíìlù lọ pe àwọn èèyàn rẹ̀.

Epo ti gbóná lórí iná nígbà tí wọ́n délé. Jàmílátù wo àpò ọ̀rá tó ṣófo, ó béèrè ẹja.

"Mi ò rí ẹja mú bọ̀," ni bàbá wí.

Jàmílátù wo ọmọkùnrin tí ẹrẹ̀ bò látòkè délẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀ tí inú rẹ̀ dùn tí kò lè gbójú sókè. Ó ní kí Kàmíìlù lọ wẹ̀, ó fọ́ ẹyin sínú ata.

"Mùyìbátù," ó ní, "wá bu oúnjẹ fún ọkọ rẹ."