Aáyán Inú Àpótí Fọ́tò

Hung kò tíì tú ìdè kẹta àpótí náà tán tí aáyán fi já jáde, tó gba ọwọ́ rẹ̀ gun dé ìgbọ̀nwọ́. Ó kígbe bí ọmọdé, ó ju irinṣẹ́ sílẹ̀, ó ń gbọn apá. Kó tó gbọn ọ̀kan yẹn dànù, méjì mìíràn ti yọ, àwọn ọmọ wọn wẹ́wẹ́ sì tẹ̀ lé wọn, wọ́n tú káàkiri orí tábìlì tí Ìyáàfin Hsu fi ń to fọ́tò ìgbéyàwó.

"Ẹ̀gbin rèé o! Ẹ̀gbọ́n, ṣé àpótí fọ́tò lẹ pè mí sí ni, àbí ààfin aáyán?"

"Pa á! Pa á! Má jẹ̀ẹ́ kó wọ abẹ́ aṣọ funfun yẹn!" Ìyáàfin Hsu ti bọ́ sálúbàtà ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ń lù ú mọ́ tábìlì. Ọ̀kan fọ́, oje inú rẹ̀ sì ta sára fọ́tò ìyàwó kan, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ gan-an.

Wan-ching, ọmọbìnrin rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ di imú. Òórùn náà ti kàn án lára, òórùn epo tó ti bàjẹ́ pọ̀ mọ́ ti aṣọ tútù tí kò rí oòrùn. Ohun tó tún wá burú ni pé ó mọ ẹni tó pe àwọn aáyán náà wá.

Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò ni ìyá rẹ̀ ní nísàlẹ̀ ilé wọn ní ìlú Chiayi. Gbogbo iṣẹ́ tó ti ṣe láti ọdún mẹ́sàn-án ló wà nínú àpótí yìí, tí kò tóbi ju ìkòkò ìrẹsì oníná lọ. Díìsìkì méjì tó ń tọ́jú fọ́tò ló wà nínú rẹ̀, gbogbo kọ̀ǹpútà ilé ló sì ń lọ gba fọ́tò níbẹ̀. Iṣẹ́ tó wà lọ́rùn obìnrin náà lásìkò yìí ni ìwé ìrántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àṣekágbá iléèwé Wan-ching, ọ̀ọ́dúnrún akẹ́kọ̀ọ́, tí ojú olúkúlùkù wọn gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé náà. Ọjọ́ mẹ́jọ péré ló kù kí iṣẹ́ dé ilé ìtẹ̀wé. Láàárọ̀ àná ni àpótí náà kọ̀ délẹ̀délẹ̀, kò ṣí fọ́tò kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, tíì lásán ni Ìyáàfin Hsu ń mu, oúnjẹ kò gba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lọ.

Hung, àbúrò rẹ̀, tó máa ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, nawọ́ sí ọ̀rá ìpápánu aláwọ̀ ewé tó wà lórí àpótí. Kò sí ṣọ́ọ̀bù kan ládùúgbò wọn tí kò ní irú rẹ̀ lórí ẹ̀rọ. Ìtumọ̀ orúkọ ìpápánu náà ni pé kí èèyàn ṣe jẹ́jẹ́, kó gbọ́ràn, wọ́n sì gbà pé ẹ̀rọ tó bá ní i lórí kì í ya ọlọ̀tẹ̀. Aláwọ̀ ewé nìkan ni wọ́n ń lò, nítorí iná aláwọ̀ ewé ni ẹ̀rọ ń tàn tí ara rẹ̀ bá yá. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i, ọjọ́ tí wọ́n kọ sí i kò sì gbọdọ̀ kọjá.

Hung gbé ọ̀rá náà, ó fúyẹ́. Ó yí i padà. Ihò kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n fi téèpù lẹ̀, téèpù náà sì ti ṣí. Ó gbọ̀n ọ́n díẹ̀, ìgbẹ́ aáyán dà sílẹ̀ bí ata gígún.

"Ta ló jẹ oúnjẹ ẹ̀rọ?"

Ìyáàfin Hsu kò wo ibòmíràn, ojú ọmọ rẹ̀ ló wò.

"Èmi ni, Màámi," ni Wan-ching wí. "Ebi ló máa ń pa mí tí mo bá ń kàwé níbí."

"Ebi! Ìrẹsì tòlótòló wà ní ìkòkò, o fi í sílẹ̀, o lọ ń jalè lọ́wọ́ ẹ̀rọ! O tún wá fi téèpù lẹ ẹ̀yìn ẹ̀ kí n má baà mọ̀. Ojú ò tì ẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màámi."

"Má bẹ̀ mí. Ẹ̀rọ ni kó o bẹ̀."

Hung ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ti fi aṣọ bo imú. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ò jẹun o. Aáyán ló ń jẹun. Ẹ gbé ìpápánu lé ojú ihò tó fi ń mí, ọmọ yín sì ń da èérún rẹ̀ sínú ihò náà. Kí ni kí aáyán tún máa wá kiri?"

Ìwọ̀sí náà dun Wan-ching, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Ó ti jẹ́wọ́ èyí tó kéré, ó sì ń retí pé wọn kò ní bi í léèrè èyí tó tóbi.

Nígbà tí ìdérí àpótí ṣí tán, Hung yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó húkọ́ bí ẹni tó fẹ́ bì. Òkú aáyán ló di fáànù pa, wọ́n rún mọ́ ara wọn, ìyẹ́ níhìn-ín, itan níbẹ̀. Nínú ihò tí díìsìkì kìíní ń wọ̀ sí, àpò ẹyin wọn kan ti fọ́ sáàárín irin tí iná ń gbà kọjá, ó lẹ̀ pẹ́típẹ́tí. Hung fi ẹ̀mú fà á yọ, ó sì ń ṣépè. Ó yọ díìsìkì méjèèjì, ó kọ "kìíní" àti "kejì" sí wọn lára kí wọ́n má baà ṣì wọ́n mú, ó sì fi wáyà kan so wọ́n mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Wáyà yìí á jẹ́ kí n ka ohun tó wà nínú wọn, kò ní jẹ́ kí n kọ nǹkan kan sí wọn," ni ó wí. "Ohun tó bá ti ń kú lọ, a kì í tún gbé ẹrù lé e."

Díìsìkì kìíní ṣí wẹ́rẹ́, ó tutù, kò pariwo. Èkejì ń dún kà-kà-kà, ó gbóná débi pé Hung tètè gbọ́wọ́ kúrò lára rẹ̀. Ó fà á yọ kíá.

"Ìgbà wo ni àpótí yìí kọ́kọ́ dún? Ó gbọ́dọ̀ ti ké fín-ín fín-ín."

"Èmi ò gbọ́ ìró kankan," ni Ìyáàfin Hsu wí. "Wan-ching ló máa ń jókòó tì í."

Àwọn méjèèjì kọjú sí i.

Oṣù Kejìlá ni àpótí náà ti ké, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ń ṣe ìdánwò ìdánrawò. Ọ̀rá ìpápánu ṣì wà lọ́wọ́ Wan-ching lọ́jọ́ náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bu ẹ̀kúnwọ́ sẹ́nu. Ohun tó wá sí i lọ́kàn ni pé ẹ̀rọ ń fẹjọ́ òun sùn nítorí oúnjẹ rẹ̀. Tí òun bá pe ìyá òun, ọ̀rá náà ni yóò kọ́kọ́ gbé wò. Ló bá wọ orí kọ̀ǹpútà, ó pa igbe náà, ó fi téèpù dúdú bo iná pupa tó ń ṣẹ́jú níwájú àpótí. Lọ́jọ́ kejì, àpótí ṣì ń ṣiṣẹ́, òun náà sì dákẹ́. Ó fa téèpù dúdú náà ya láàárọ̀ àná, nígbà tí ìyá rẹ̀ ń wá nọ́ńbà Hung.

"Àná, Jiujiu," ni ó dáhùn. Orúkọ tó ń pe àbúrò ìyá rẹ̀ nìyẹn. "Àná ló bẹ̀rẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. A jẹ́ pé orí yín gbè yín." Hung mí kanlẹ̀. Ó so díìsìkì tuntun tó rà bọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da gbogbo inú ti kìíní sínú rẹ̀. Ó ṣí ibi tí fọ́tò iléèwé wà, ó rí eré ìdárayá ọdún kìíní, ó rí ìrìn àjò ọdún kejì. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ lọ jẹun. Fọ́tò yín pé."

Ìyáàfin Hsu jókòó lórí àga, ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú, ó sunkún díẹ̀. Nígbà tó gbójú sókè, ó tọ́ka sí díìsìkì kejì. "Fọ́ ìyẹn. Fọ́tò ìyàwó àti ti ọmọ jòjòló àwọn oníbàárà mi wà nínú ẹ̀. Mi ò fẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ń ṣa pàǹtí."

"Ẹni tó se àsè fún aáyán ni kó fọ́ ọ," ni Hung wí. Ó na hámà sí Wan-ching. "Lọ sẹ́yìnkùlé. Má bẹ̀rù, ìbejì ni wọ́n. Ohun tí àpótí bá kọ sí ọ̀kan ló ń kọ sí èkejì. Àyàfi tí ọ̀kan bá ti ṣubú ṣáájú, ìyẹn tí kò bá gba nǹkan kan sára mọ́. Tí ọ̀kan bá ṣubú, àpótí á figbe ta, á sì máa kọ sí ẹyọ kan tó kù nìkan. Àmọ́ àná náà lo sọ pé ó bẹ̀rẹ̀, kò séwu."

Wan-ching ti dé ẹ̀yìnkùlé kí ọ̀rọ̀ náà tó yé e. Ó gbé díìsìkì náà kalẹ̀ lórí símẹ́ńtì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ. Ó ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Itan aáyán kan lẹ̀ mọ́ ọn lára.

Oṣù Kejìlá ni díìsìkì kìíní, tí ẹyin aáyán dí ihò rẹ̀, ti ṣubú. Oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ni ìyá rẹ̀ ya fọ́tò ojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Èyí tó wà lórí tábìlì, tó tutù tó sì dákẹ́, kò mọ ohunkóhun nípa ọ̀ọ́dúnrún ojú yẹn. Èyí tó ń kú lọ yìí nìkan ló rí wọn.

Ó gbé hámà sókè. Kí ni yóò ṣẹlẹ̀ tó bá lù ú? Wọn yóò wá fọ́tò títí, wọn kò ní rí i, wọn yóò ní aáyán ló bà á jẹ́. Aáyán kò lẹ́nu tí yóò fi já a nírọ́. Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ìríra kan gbé e lọ́fun, kì í sì í ṣe ti itan aáyán yẹn. Ara rẹ̀ gan-an ló ń rí i lára. Ó bì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó gbé díìsìkì náà, ó sì sáré wọlé.

"Jiujiu, irọ́ ni mo pa. Kì í ṣe àná. Oṣù Kejìlá ni."

Ẹ̀rín kúrò lójú Hung. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba díìsìkì náà bí ẹni gba ẹyin. Ó sáré wo ẹ̀dà tó ń ṣe, ó wá oṣù Kejì, kò sí. Ó wá oṣù Kẹta, kò sí.

"Òmùgọ̀ ni èmi náà," ni ó wí. "Mi ò wo ọjọ́ tó gbẹ̀yìn. Mo gba ẹnu ọmọdé gbọ́."

Ìyáàfin Hsu kò pariwo. Ó wo ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ bí ó ṣe wo tábìlì nígbà tí aáyán tú sórí rẹ̀. Wan-ching ì bá fẹ́ kó gbá òun létí.

Hung jáde lọ ra díìsìkì tuntun mìíràn. Ó gbé èyí tó ń ṣàìsàn síwájú fáànù ńlá, ó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Apá tó dára ló kọ́kọ́ ń fà jáde, ó ń fo ibi tó bá ti jẹrà kọjá kó má baà pa á, kó tó padà wá máa bẹ àwọn ibi náà díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ló dákẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni Hung jẹ́ kó tutù kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tó dákẹ́ tí kò tún dún mọ́, fọ́tò gbogbo ti jáde, àfi ti akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́tàlélógún.

"Ìwọ ni wàá lọ bá wọn," ni Ìyáàfin Hsu wí fún Wan-ching. "Lọ́kọ̀ọ̀kan. Wàá sì sọ ìdí tí wọ́n fi ní láti tún un yà."

Ó lọ. Àwọn kan fi í ṣẹ̀sín. "Yéè! Aáyán yàgbẹ́ sí mi lójú?" ni ọmọbìnrin kan wí. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyálé Aáyán kí iléèwé tó parí lọ́jọ́ náà. Èyí tó dùn ún jù ni ti Chi-wei, tí eyín iwájú rẹ̀ ti kán nídìí bọ́ọ̀lù ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Fọ́tò àkọ́kọ́ tí eyín rẹ̀ pé ti lọ nìyẹn. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Wan-ching tán, ó bi í léèrè pé, "O ti gbé hámà sókè?"

"Mo ti gbé e sókè."

Kò bú u. Ó kàn fa àga rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọjọ́ tí Ìyáàfin Hsu ya ẹnì kẹtàlélógún tán, Wan-ching ló di iná mú fún un. Nígbà tó ku àwọn méjèèjì, ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìwo ojú rẹ̀. "Tí kì í bá ṣe pé Jiujiu rẹ sọ ọ̀rọ̀ ìbejì yẹn, ṣé wàá jẹ́wọ́?"

Wan-ching mọ ìdáhùn tí ìyá rẹ̀ fẹ́ gbọ́. Ó ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì.

"Rárá, Màámi. Mi ò ní jẹ́wọ́."

Ìyáàfin Hsu yíjú sí i fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọjọ́ márùn-ún. "Ó dára," ni ó wí. "Ó burú, àmọ́ òótọ́ ni. Lọ bu oúnjẹ wá ká jẹun."

Irọ́ lè sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí irọ́ bá tẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé ni òtítọ́ ń bá láàyè. Ká ní Wan-ching pe ìyá rẹ̀ lóṣù Kejìlá, ìbáwí nítorí ẹ̀kúnwọ́ ìpápánu ni ì bá gbà. Hung ì bá fi aṣọ nu ihò díìsìkì náà, kó dá a padà sáyè rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún, eyín Chi-wei ì bá sì pé nínú ìwé.