Ẹni Tó Jókòó fún Ayàwòrán

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ tí ẹ fẹ́ kà yìí. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni, ògiri náà ò tíì kúrò níbi tó wà, kó lọ wò ó. Èmi ò ní fi tipá mú ẹnikẹ́ni gbà á gbọ́. N ó kàn rò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀ ni, níbi tí n kò bá sì ti mọ ìdí, n ó dákẹ́.

Ayàwòrán kan ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún ní ṣọ́ọ̀ṣì kan. Gbogbo ògiri ẹ̀yìn àga ìwàásù, láti ilẹ̀ dé àjà, ni wọ́n ní kó ya ìtàn kan sí: ìtàn tọkọtaya àgàn inú Ìwé Mímọ́, àwọn tí ìránṣẹ́ kan láti òkè wá bá, tó ní wọn yóò bí ọmọkùnrin alágbára. Iṣẹ́ náà wọ̀ ọ́ lára. Òun àti ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ aránṣọ, ti wojú Olúwa fún ọmọ títí ojú fi fẹ́ máa ro wọ́n. Oyún ti wá dúró, ó sì ti yọ gẹ́ẹ́ báyìí, débi pé kí obìnrin náà tó lè jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ní láti sún àga sẹ́yìn kí ikùn lè ráyè.

Wọ́n ti mú orúkọ sílẹ̀, èyí tó bá ọkùnrin mu, tó bá obìnrin mu. Àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n. Wọn kì í pè é sókè létí ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n bá ti wọ yàrá, ọkọ á gbé ẹnu sún mọ́ ikùn ìyàwó, á pe orúkọ náà jẹ́jẹ́, ọmọ inú á sì tàpá. Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń da ayàwòrán láàmú lórí iṣẹ́ náà. Ó tọ pásítọ̀ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ìránṣẹ́ yìí gan-an?"

"Áńgẹ́lì ni."

"Ìyẹn ni pé kí n ya ìyẹ́ sí i."

Pásítọ̀ họ orí. "Dúró ná. Níbì kan, wọ́n pè é ní áńgẹ́lì. Níbòmíràn, wọ́n pè é ní ènìyàn. Nígbà tó lọ tán, ọkọ ní Ọlọ́run gan-an làwọn rí, pé àwọn máa kú ni."

"Èwo ni kí n wá yà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta?"

"Mo ṣì ń gbàdúrà sí i."

"Pásítọ̀, ọ̀dà ń gbẹ o."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òfin iṣẹ́ ọkùnrin yìí. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ní kò gbọdọ̀ finú ro ojú kankan yà. Ènìyàn alààyè gbọ́dọ̀ jókòó síwájú rẹ̀. Kó tó fi ọ̀dà kan ògiri, kó fi èédú kọ orúkọ ẹni náà síbi tí iwájú orí yóò wà, kó wá fi ọ̀dà bò ó mọ́lẹ̀. Nígbà tó béèrè ìdí, ọ̀gá ní: "Àwòrán tí kò lórúkọ, ilé tí kò nílẹ̀kùn ni. Ẹni tó bá ń kọjá lè wọ̀ ọ́." Ó pè é ní àwàdà, ṣùgbọ́n kò rú òfin náà rí. Pásítọ̀ ló jókòó fún ọkọ inú ìtàn. Ìyàwó ayàwòrán ló jókòó fún obìnrin inú rẹ̀, tó ń ráhùn pé ẹ̀yìn ń dun òun, kó tètè parí imú. Ìránṣẹ́ ló wá kù. Gbogbo ẹni tó wò, kò rí ẹni tó yẹ.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òjò ṣú. Ayàwòrán nìkan ló wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ó tan iná, iná kú. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í lu òrùlé páànù bí ẹní ń da òkúta sí i. Ó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì rẹ̀ nínú garawa nígbà tí ariwo náà dákẹ́ lójijì.

Ó gbójú sókè. Òjò ń rọ̀ lójú fèrèsé. Ó rí i tó ń ṣàn lára gíláàsì. Ṣùgbọ́n kò dún mọ́.

Ó yíjú padà. Ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú.

Èèyàn lásán ni, lójú lásán. Kò ga, kò kúrú. Aṣọ rẹ̀ gbẹ. Bàtà rẹ̀ gbẹ. Láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí bẹ́ǹṣì, kò sí ojú ẹsẹ̀ tútù kan lórí símẹ́ǹtì.

"Ẹ káàsán sà," ayàwòrán wí. "N ò gbọ́ ìgbà tẹ́ ẹ wọlé."

"Mo gbọ́ pé ò ń wá ẹni tó máa jókòó."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ó yá, bẹ̀rẹ̀."

Ohùn rẹ̀ ò le. Bẹ́ẹ̀ ni kò sì sí àyè àríyànjiyàn nínú rẹ̀. Ayàwòrán mú èédú, ó gun àkàbà. Ibẹ̀ ló ti béèrè gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀:

"Orúkọ yín ńkọ́ sà?"

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Òfin iṣẹ́ wa ni."

"Má bi mí."

Irun ara ayàwòrán dìde. Ó dúró lórí àkàbà, èédú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí kò bá kọ nǹkan kan, ilé tí kò nílẹ̀kùn nìyẹn, nínú ṣọ́ọ̀ṣì, lẹ́yìn orí pásítọ̀. Bó bá kọ orúkọ ẹlòmíràn, gbogbo orúkọ tó mọ̀ ló ti ní ẹni tó ń jẹ́ ẹ. Ó wá rántí ọ̀kan tí ẹnikẹ́ni ò tíì jẹ́. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó kọ orúkọ ọmọ tó wà nínú ìyàwó rẹ̀ sára ògiri.

"O ṣeun," ọkùnrin náà wí láti ẹ̀yìn rẹ̀.

Láti orí bẹ́ǹṣì yẹn, kò sí bí èèyàn ṣe lè rí ohun tó kọ. Ẹ̀yìn ayàwòrán ló dí i.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún. Nǹkan kan ń ṣẹlẹ̀ tí kò yé e. Bó bá wo ọkùnrin náà, ó rí ojú rẹ̀ kedere. Bó bá ti kọjú sí ògiri, ó ti gbàgbé rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ nìkan ló ń rántí. Nígbà tó dé èjìká, ó fi ìtìjú béèrè bóyá kí òun ya ìyẹ́.

"Èwo ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn?" ọkùnrin náà wí.

Ó fi ẹ̀yìn èjìká sílẹ̀ lófìfo. Ariwo òjò dé padà lẹ́ẹ̀kan náà, gbì, bí ẹni pé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un, garawa sì dànù lábẹ́ àkàbà. Nígbà tó bojú wẹ̀yìn, kò sẹ́nìkan lórí bẹ́ǹṣì. Ọ̀dà tó yẹ kó tutù di ọjọ́ kejì ti gbẹ.

Nírọ̀lẹ́, ó délé. Ìyàwó rẹ̀ wà nídìí ẹ̀rọ, ara rẹ̀ yá gágá.

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé! Àlejò yín ti lọ o."

"Àlejò wo?"

"Ọkùnrin kan tó yà síbí. Èèyàn jẹ́jẹ́. Orí àpótí yẹn ló jókòó sí. Ó ní kí n má gbé ohun tó wúwo mọ́, kí n má sì mu ọtí. Mo ní ta ló ń mu ọtí ńlé yìí? Ó rẹ́rìn-ín."

"Ìgbà wo ló wá?"

"Lásìkò òjò. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé aṣọ rẹ̀ ò tutù."

Àpò iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ayàwòrán.

"Kí ló tún sọ?"

"Ó ní kí n sọ fún yín pé òun gbà á. Kí lẹ fún un?"

Ayàwòrán jókòó sílẹ̀, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́.

"Orúkọ ọmọ mi?"

"Mi ò rí orúkọ mìíràn..."

"Tiyín ńkọ́? Ẹ̀yin ò lórúkọ ni?"

Obìnrin náà kó ọwọ́ méjèèjì bo ikùn rẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á, ó sì sọ ọ́ jáde: "Kí wá ni ohun tó gbà? Ṣé orúkọ ni, àbí ọmọ?"

Ọkọ sún mọ́ ọn. Ó gbé ẹnu sí ikùn, ó pe orúkọ náà. Wọ́n dúró. Ó tún un pè. Ọmọ náà ò tàpá. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìrọbí mú obìnrin náà láìtọ́jọ́.

Ọsibítù ni ilẹ̀ mọ́ bá wọn. Agbẹ̀bí gbé etí sí ikùn, ó gbọ́ títí. Ó sún etí síhìn-ín, ó tún gbọ́. Ó ní kí bàbá jáde ná. Ìyàwó di ọwọ́ ọkọ mú, ó ti rí i lójú rẹ̀ pé ìdí ògiri ló fẹ́ lọ.

"Ẹ má lọ pa àwòrán náà rẹ́ o. Bó bá jẹ́ ibi ló gbèrò, kò ní jókòó tì mí kó máa bá mi ṣeré."

Ó gbọ́ ọ. Síbẹ̀ ó sáré lọ.

Pásítọ̀ ló bá nínú ṣọ́ọ̀ṣì, tó dúró níwájú ògiri, tí kò wọ bàtà.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń wò ó," pásítọ̀ wí. "Ta ló jókòó fún ọ?"

Ayàwòrán sọ fún un. Ó ti gun àkàbà, ó ti yọ ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń ha ọ̀dà. Pásítọ̀ di ẹsẹ̀ àkàbà mú.

"Dúró! Bó bá jẹ́ Olúwa ńkọ́?"

"Bí kò bá jẹ́ òun ńkọ́?"

"Ayàwòrán, nítorí Ọlọ́run..."

"Ẹ sọ ẹni tó jẹ́ fún mi, n ó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ̀yin lẹ ń wàásù rẹ̀. Ọmọ mi ni, Pásítọ̀! Ẹ sọ ọ́!"

Omi bọ́ lójú pásítọ̀.

"Mi ò mọ̀," ó wí. Ó sì yọwọ́ kúrò lára àkàbà.

Ayàwòrán gbé ọwọ́ òsì lé àwòrán náà kó lè fi ara dúró. Ògiri náà lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ẹni tó ń sùn. Ó di ojú, ó ha iwájú orí rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀dà ń já bọ́ sójú rẹ̀. Nígbà tó lajú, ògiri funfun ló rí. Kò sí èédú níbẹ̀. Ó mọ́ bí ẹni pé ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan kan síbẹ̀ rí.

Fóònù rẹ̀ dún nínú àpò. Agbẹ̀bí ni.

"Bàbá ọmọ, ẹ kú oríire. Obìnrin ni. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi."

Lóòótọ́, ọmọ ń ké kíkankíkan. Ayàwòrán sunkún lórí àkàbà bí ọmọdé. Bóyá torí pé ó ha á ni, bóyá torí pé ó ti fún àlejò náà ní orúkọ tẹ́lẹ̀ ni, kò béèrè. Ọmọ rẹ̀ wà láàyè.

Ìyàwó rẹ̀ ti gbé ọmọ sáyà nígbà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó rẹ̀ ẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ pe orúkọ rẹ̀ sí i létí."

Ó tẹríba. Ó la ẹnu. Ohunkóhun ò jáde. Ó wojú ìyàwó rẹ̀ pé kó ran òun lọ́wọ́, ó sì rí i tí ẹ̀rín kúrò lójú tirẹ̀ náà díẹ̀díẹ̀.

"Kí la ní kó máa jẹ́?"

"Mo rò pé ẹ̀yin rántí ni."

Wọ́n wá a. Wọ́n wá bó ṣe bẹ̀rẹ̀, wọ́n wá bó ṣe parí. Ó ti lọ pátápátá. Wọ́n sọ ọmọ náà ní orúkọ mìíràn, orúkọ dáadáa tí gbogbo ènìyàn yìn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá pè é, kì í tètè dáhùn. Wọ́n á pè é títí, á wá wojú wọn bí ẹni tó ń ro ẹni tí wọ́n ń bá wí. Etí rẹ̀ ò ní àrùn kankan. Ó ń gbọ́ bí abẹ́rẹ́ ìyá rẹ̀ bá já bọ́.

Ọmọ náà rìn, ó sọ̀rọ̀, ó dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń rán lọ pe aládùúgbò. Lọ́sàn-án Ọjọ́ Ìsinmi kan, àdúrà ìdákẹ́rọ́rọ́ ni wọ́n ń gbà. Ṣọ́ọ̀ṣì pa lọ́lọ́. Orí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà wà.

"Sà!" ọmọ náà dáhùn lóhùn rara.

Ẹnikẹ́ni ò pè é. Àwọn kan rẹ́rìn-ín sínú. Ayàwòrán ò rẹ́rìn-ín, nítorí kò tíì gbọ́ kí ọmọ òun dáhùn kíákíá bẹ́ẹ̀ rí.

Ọmọ náà bọ́ sílẹ̀. Ó rìn lọ sábẹ́ ògiri, ó gbójú sókè. Ó ń mi orí bí ọmọ tí wọ́n ń rán lọ ra iyọ̀, tí kò fẹ́ kí iye tí wọ́n sọ fún un sọnù. Lẹ́yìn náà ó yí padà, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Bàbá rẹ̀ na ọwọ́, ó di etí aṣọ rẹ̀ mú bó ṣe ń kọjá.

"Níbo lò ń lọ?"

"Wọ́n rán mi níṣẹ́ ni."

"Sí ta ni?"

Ọmọ náà na ìka sí ìta. Oòrùn mú lójú títì. Kò sẹ́nìkan níbẹ̀.

"Ẹ jù ú sílẹ̀," ìyá rẹ̀ sọ jẹ́jẹ́.

Kò jù ú sílẹ̀. Ó fẹ́ràn ọmọ náà ju ohun tó lè fi ẹnu sọ lọ, ẹ̀rù sì ti sọ ọwọ́ rẹ̀ di irin. Ọmọ náà ò sunkún, kò bínú. Ó kàn ń fa aṣọ náà díẹ̀díẹ̀, ó ń wojú ọ̀nà.