Ọjọ́ Tí Mo Fi Ẹsẹ̀ Mi Lọ Bá Ìyá Rẹ̀

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ pàdé, orúnkún mi ló ń wò, kò tilẹ̀ wo ojú mi.

"Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́," mo ní, "òkè níbí ni orí mi wà."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹlẹ́rọ ni, òun ló ń de ẹ̀rọ ìrìn mọ́ àwọn aláìsàn lára nílé ìwòsàn. Olùkọ́ ni èmi. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí àìsàn kan ti ń jẹ awọ tó bo okùn iṣan mi. Bí ọpọlọ bá ní kí ẹsẹ̀ gbéra, ẹsẹ̀ ò ní gbọ́. Kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn ni mo fi ń wọ kíláàsì.

Ó de irin ẹ̀rọ náà mọ́ ìbàdí mi, mọ́ itan, mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ náà kùn bí oyin, ó sì gbé mi dìde!

"Ẹ gbé ọ̀tún. Ẹ má bẹ̀rù, mo wà lẹ́yìn yín."

Mo gbé ọ̀tún. Mo gbé òsì. Mo figbe ayọ̀ bọnu débi pé nọ́ọ̀sì sáré wọlé.

Oṣù mẹ́ta ò pé tí "ẹ" fi di "o," tí "olùkọ́" sì di "olólùfẹ́ mi."

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ fárígá. "Ìyàwó lò ń wá ni, àbí aláìsàn?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Mo ní kí ẹlẹ́rọ mi gbé mi lọ sílé ìyá rẹ̀, kó sì dúró sínú mọ́tò.

Láti géètì dé ẹnu ọ̀nà, ọgbọ̀n ìṣísẹ̀ ni mo fi irin náà rìn. Ìyá dúró, ó ń wò mí bọ̀.

"Màmá, ẹ káàsán. Mi ò wá tàn yín. Ọjọ́ ń bọ̀ tí irin yìí gan-an ò ní lè gbé mi. Àmọ́ mo fẹ́ràn ọmọ yín dọ́kàn."

Ó mí kanlẹ̀. "Ká ní irọ́ lo wá pa fún mi ni, ǹ bá ti lé ẹ. Jókòó, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

Inú mọ́tò ni ẹlẹ́rọ mi ti ń jó!

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu, ẹsẹ̀ kọ̀, orí kẹ̀kẹ́ ni mo wà. Ìyá ọkọ mi ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan kẹ̀kẹ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló tì mí wọ gbọ̀ngàn.

"Ẹ yà lọ́nà!" ó ń pariwo. "Ìyàwó wa ló ń bọ̀ yìí!"