Fóònù Ẹlòmíràn Ni Lájídé Fi Ṣe Ẹbí

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, mo kí ọ bí a ti ń kíra nílẹ̀ Kabba: okun o. Bí fóònù rẹ bá wà nítòsí, jọ̀wọ́ da ojú rẹ̀ dé ná. Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ, kò sì ní pẹ́ tán.

Ní Kabba, lẹ́bàá ọ̀nà tó lọ sí Ìjùmú, ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Lájídé. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa bá aráàlú ṣáàjì fóònù. Bí o bá ń gbé ìlú wa, o mọ ìwà iná ìjọba. Ó lè lọ títí tí àwọn ọmọdé yóò fi máa hó yèè bí wọ́n bá rí i. Lájídé gbé sólà sórí páànù, ó kan pákó gbọọrọ mọ́ ògiri, ó to ṣájà sórí rẹ̀. Láàárọ̀, àwọn tó ń lọ sóko á já fóònù wọn sílẹ̀. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á yà gbà á.

Àṣà kan wá wà ní ṣọ́ọ̀bù náà. Lájídé a máa lẹ pílásítà mọ́ ẹ̀yìn fóònù kọ̀ọ̀kan, a kọ orúkọ ẹni tó ni ín sí i. Lábẹ́ orúkọ, a kọ nọ́ńbà tí onítọ̀hún fi ń ṣí i. Àwọn àgbà tí ojú wọn kò ríran dáadáa mọ́ ló dá a sílẹ̀. Wọ́n ní kí ó máa bá àwọn ka ohun tí àwọn ọmọ àwọn bá kọ ránṣẹ́. Ó ṣe díẹ̀, tọmọdé tàgbà ń sọ nọ́ńbà tiwọn. Ẹni tó bá lọ́ra, wọ́n á bi í pé, "Kí lò ń fi pa mọ́? Ṣé o ò fọkàn tán ọmọ ìyá rẹ ni?"

Ìyẹn ni tiwa o, àwa ọmọ Okun. Ẹni tó bá ti lè kí wa ní "Okun o", ó ti di ẹbí nìyẹn. A kó kọ́kọ́rọ́ ilé wa fún ọkùnrin kan ṣoṣo, a tún bá a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilẹ̀kùn. Háà! Àwa náà mà gọ̀ o.

Lájídé kì í ṣe olè. Kò fọwọ́ kan ohun ìní ẹnikẹ́ni rí. Àìsàn tirẹ̀ ni pé ó dá wà. Bàbá àti ìyá rẹ̀ ti kú. Ìyàwó rẹ̀ ti kó ẹrù padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ní Amuro. Obìnrin náà ní òun kò lè bá ẹni tí ẹnu rẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn gbé. Wọn kò sì bímọ.

Wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Gbogbo fóònù orí pákó yẹn á máa dún láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tirẹ̀ á dákẹ́. Bí ó bá ṣèèṣì dún, àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń polówó ọjà. Nígbà mìíràn á gbé e sétí, á gbọ̀n ọ́n wò bóyá ó ti bàjẹ́ ni. Kò bàjẹ́. Kò sí ẹni tó ń pè é ni.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀rọ̀ kan wọlé sórí fóònù bàbá àgbà kan tó ti lọ sóko. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló kọ ọ́. "Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ ti jẹun? Ẹ má ṣe ara yín léṣe." Lájídé kà á. Ó tún un kà. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, nítorí ó dà bí ẹni pé òun ni wọ́n ń bi.

Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ó di pé bí àwọn olóko bá ti kọjá tán, Lájídé á jókòó, á máa ṣí fóònù wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó mọ ẹni tó ń bá ọkọ rẹ̀ jà, ó mọ ẹni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò tíì sọ nílé. Ó bá wọn rẹ́rìn-ín, ó bá wọn sunkún. Lójú tirẹ̀, ẹbí òun ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dé nírọ̀lẹ́, wọ́n á gba fóònù wọn, wọ́n á ní "Okun o," wọ́n á bá tiwọn lọ. Ṣọ́ọ̀bù á ṣófo, òun nìkan á sì wá iná dá, á se oúnjẹ ẹnì kan.

Ẹnì kan ṣoṣo ló máa ń dúró. Ṣọlápé ni orúkọ rẹ̀, tíṣà àwọn ọmọ kéékèèké, ọmọ Màmá Naomi tó ń dáko iṣu lọ́nà Ìyah-Gbede. Ojoojúmọ́ tó bá gbé fóònù wá, á bi í pé, "Bùrọ̀dá, ṣé ẹ ti jẹun?" Bí ó bá sọ pé òun kò tíì jẹ, á já nínú àkàrà ọwọ́ rẹ̀ fún un.

Josiah, ọmọ Ìkòyí ti Ìjùmú, ni àfẹ́sọ́nà Ṣọlápé. Àwọn ẹbí ti mọra wọn. Ọjọ́ ìgbéyàwó ló kù.

Ọjọ́ kan, Lájídé ṣí fóònù Ṣọlápé. Ó rí ohun tó kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin tó ń gbé ní Lọ́kọ́ja: "Ẹ̀gbọ́n mi, wárápá tó ṣe mí ní kékeré ti padà. Dókítà ti fún mi lóògùn. Mo fẹ́ sọ fún Josiah fúnra mi lọ́jọ́ Sunday tó ń bọ̀. Ẹ bá mi gbàdúrà, ẹ̀rù ń bà mí."

Ká ní Lájídé dákẹ́ ni! Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó lọ sí ilé ẹmu. Àwọn ọkùnrin ń sọ̀rọ̀, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, kò sí ẹni tó wo ibi tó jókòó sí. Ó dá sí ọ̀rọ̀, wọn kò gbọ́. Ó tún dá sí i, wọ́n sọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìgbà náà ló ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìgbéyàwó Ṣọlápé, ẹ ò mọ nǹkan kan." Kíá ni wọ́n fa àga sún mọ́ ọn. Ẹnì kan bu ẹmu fún un. Inú rẹ̀ dùn, mi ò ní purọ́ fún ọ. Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán, ó wá ní, "Àárín àwa nìkan ni o."

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Kí ọjọ́ Sunday tó pé, ọ̀rọ̀ ti dé Ìkòyí. Àwọn àgbà ilé Josiah wá sí Kabba, wọ́n ní àwọn kò ṣe ìgbéyàwó náà mọ́. Josiah kò bá wọn wá. Kò tilẹ̀ pe Ṣọlápé.

Ní ọjọ́ kejì, Ṣọlápé wọ ṣọ́ọ̀bù, ojú rẹ̀ ti wú. "Bùrọ̀dá Lájídé, ọ̀rọ̀ yẹn, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi nìkan la mọ̀ ọ́n. Báwo ló ṣe jáde?"

Lájídé bẹ̀rẹ̀ sí í tún wáyà tò. "Àwọn ọmọ yàhúù ni," ó ní. "Wọ́n lè wọ inú fóònù èèyàn láti ibikíbi."

Ṣọlápé mi orí. "Kí ni ọmọ yàhúù fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mi ṣe ní Ìkòyí? Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó ń jowú pé mo fẹ́ lọ́kọ. Mi ò ní bá a sọ̀rọ̀ mọ́ láyé." Ó gbé fóònù náà sórí pákó. "Ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Mi ò fẹ́ gbọ́ dídún rẹ̀ nílé. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo lè fọkàn tán."

Lájídé kò sọ nǹkan kan. Ṣé o rí i? Ẹ̀ṣẹ̀ ẹnu ni àkọ́kọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ìdákẹ́jẹ́ ni èkejì.

Ṣọlápé kò lọ síbi iṣẹ́ mọ́. Fóònù rẹ̀ wà lórí pákó, ó ń dún, ó ń dún. Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń hàn lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ á tún wọlé: "Ṣọlápé, kí ni mo ṣe fún ọ? Dákun, gbé fóònù. Ìwọ nìkan ni mo ní." Lájídé, ẹni tí kò fi ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ rí láìkà, ó yí ojú sí ògiri. Ó mọ̀ pé òun ti mú ìdánìkanwà òun, òun ti pín in fún àwọn ọmọ ìyá méjì.

Òjò ń rọ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí Bàbá Hezekiah yà láti gba fóònù rẹ̀. Àgbẹ̀ kaṣú ni, alàgbà nínú ìjọ. Tirẹ̀ nìkan ni kò ní nọ́ńbà lára pílásítà.

"Bàbá," ni Lájídé wí, "kí ló dé tí ẹ kò sọ nọ́ńbà yín fún mi rí? Ṣé ẹ mọ̀ mí sí èèyàn burúkú ni?"

"Rárá o," ni bàbá dá a lóhùn. "Èèyàn ni mo mọ̀ ọ́ sí. Mi ò fẹ́ fi ìdánwò sí ọ lọ́wọ́."

Ni Lájídé bá bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ó sọ gbogbo rẹ̀: àwọn ọ̀rọ̀ tó ń kà, ilé ẹmu, irọ́ tó pa. Bàbá Hezekiah kò pariwo. Ó fa àpótí, ó jókòó tì í.

"Lájídé, Ọlọ́run ti ń ka ìwé ọkàn tìrẹ láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọ. Ohun tó o ṣe ní kọ̀rọ̀, ohun tó o rò tí o kò lè sọ, ó mọ gbogbo rẹ̀. Ta ló ti sọ ọ́ fún rí?"

Lájídé nu ojú rẹ̀. "Kò sí."

"Kò gbé e lọ sí ilé ẹmu. Ọmọ rẹ̀ ló rán wá, pé kí ó wá ru ìtìjú yẹn lórí igi àgbélébùú nítorí rẹ. Jésù mọ̀ ọ́ tán, kò sì sá. Wá sọ́dọ̀ rẹ̀."

"Bí mo bá wá, ṣé mo gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ fún Ṣọlápé?"

"Ìwọ náà mọ̀ pé o gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́."

"Kò sí ẹni tó máa ya ibí mọ́, Bàbá. Mà á wá dá wà pátápátá."

Bàbá Hezekiah wò ó pẹ̀lú àánú. "Ọmọ mi, ṣé o ò dá wà báyìí ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Lájídé kúnlẹ̀ síbẹ̀, láàárín àwọn wáyà, ó ní, "Jésù, o ti mọ gbogbo rẹ̀. Ṣàánú mi. Gbà mí." Kò mọ àdúrà míì, ìyẹn náà sì tó.

Òjò kò tíì dá tán tó fi gbé fóònù Ṣọlápé dé ilé Màmá Naomi. Ó dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrẹ̀ níwájú ìyá àti ọmọ. "Kì í ṣe ọmọ yàhúù. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n rẹ. Èmi ni mo kà á, èmi ni mo sọ ọ́."

Màmá Naomi ká ọwọ́ lérí. Ṣọlápé kò sunkún, kò bú u. Ohùn rẹ̀ kéré gan-an. "Ojoojúmọ́ ni mò ń bi yín bóyá ẹ ti jẹun," ó ní. Ó gba fóònù rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Lájídé ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ nígbà tó gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú yàrá: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ má bínú sí mi. Mo ṣì yín gbọ́." Ẹkún ló tẹ̀ lé e, ti àwọn méjèèjì.

Lájídé lọ sí ilé ẹmu, ó jẹ́wọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Ó bó gbogbo pílásítà kúrò. Ó sọ fún oníkálukú pé kí wọ́n yí nọ́ńbà wọn padà, kí wọ́n má sì sọ ọ́ fún òun tàbí fún ẹlòmíràn mọ́, ìbáà jẹ́ ọmọ ìyá wọn. Àwọn kan gbé e ṣépè. Ọ̀pọ̀ wọn kó fóònù wọn, wọn kò padà wá.

Mi ò ní tàn ọ́, Josiah kò padà wá. Ṣọ́ọ̀bù pa rọ́rọ́. Àwọn ọ̀sán kan wà tí Lájídé á fẹ́ gbọ́ ohùn èèyàn, ohùn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ní Ẹnì kan tó ń bá sọ̀rọ̀ wàyí, kò sì sá fún ara rẹ̀ mọ́. Bàbá Hezekiah a máa yà. Wọ́n á jọ jẹ iṣu.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, Ṣọlápé wọ ṣọ́ọ̀bù. Aṣọ iṣẹ́ ló wọ̀. Ó gbé fóònù rẹ̀ sórí pákó. "Okun o, Bùrọ̀dá."

Lájídé dìde dúró.

"Mo ti tì í pa o," ni Ṣọlápé wí.

"Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí," ni Lájídé dáhùn.

Ṣọlápé yí padà, ó ń lọ. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró. "Ṣé ẹ ti jẹun?"

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ ńkọ́? Ti fóònù rẹ pa, ìyẹn dára. Má fi nọ́ńbà rẹ han ẹnikẹ́ni, má sì tojú bọ ti ẹlòmíràn. Bí àṣírí ẹnìkejì bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, jẹ́ kó kú sí ọ nínú. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà wo lo fẹ́ fi ti ọkàn rẹ pa mọ́ Ọlọ́run? Ó ti ka ohun tó o nù kúrò lórí fóònù. Ó mọ orúkọ tó o fi bojú. Ó mọ̀ pé láàárín gbogbo èèyàn tó ń kí ọ lórí fóònù, o dá wà. Títí di òní, kò tú ọ fó.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Ibi tó o jókòó sí yìí, sọ fún un pé, "Jésù, o ti mọ gbogbo rẹ̀. Ṣàánú mi. Gbà mí." Kò ní lé ọ.

Ẹni tí kò sí ẹni tó ń pè, òun ni Jésù ń pè. Tìrẹ ló ń dún yìí. Jọ̀wọ́, dá a lóhùn.